Ọmọ Mi, Owó Iṣẹ́ Ló Ṣáájú Owó Omi

Ọmọ mi, jókòó, ọ̀rọ̀ wà láàárín wa. O ti gba ilé tìrẹ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kì í pẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Láìpẹ́, páìpù á jò. Iná á tàn ní pálọ̀, kò ní tàn ní yàrá. Ilẹ̀kùn á máa wọ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ á kọ̀, kò ní dìde. Wàá wá púlọ́ńbà lọ, wàá wá réwáyà, wàá wá káfíńtà àti bíríkìlà. Gbogbo wọn ni yóò kúrò nílé rẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n bá sọ níta ni àdúgbò yóò fi mọ irú ilé tí o ti jáde.

Mo rí i pé ẹ̀yin ọmọ òde òní fẹ́ràn kí ẹ máa fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní nǹkan lórí owó iṣẹ́. Ó dára. A bá a nílé ni. Láyé àwọn bàbá wa, bí ènìyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀ láti bo ilé tàbí láti ro oko, òun ni yóò bọ́ àwọn tó wá bá a ṣe é. Iyán á wà, ẹmu á wà. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ tí ó fi ebi lé àwọn ènìyàn lọ sílé, kì í rí ẹni bẹ̀ mọ́ nígbà tó bá yá. Nítorí náà, owó omi tàbí owó ọtí tí à ń fún oníṣẹ́ lónìí kì í ṣe àṣà tá a yá lọ́wọ́ àlejò. Ètò rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Owó iṣẹ́ ló ń ṣáájú, kí owó omi tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yí i padà, ìgbéraga ló ń ṣe, kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Onílé kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn nígbà kan. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Pọ́ǹpù kànga rẹ̀ bàjẹ́, ó pe púlọ́ńbà. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́ 20,000 náírà. Onílé ní irọ́ ni, kí ló wà níbẹ̀, ṣebí iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ó nájà títí ó fi já a sí 8,000. Ọkùnrin náà gbà, nítorí wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀ wálé lórí owó ilé-ìwé. Ó tú pọ́ǹpù, ó tún un ṣe, omi gun táǹkì. Àlejò wà lọ́dọ̀ onílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fẹ́ sanwó, ó jáde sí ìloro, ó ka 8,000, ó wá fa 1,000 yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó ní, "Gbà, fi èyí ra ọtí, èmi kì í ṣe ahun." Àwọn àlejò ní ọwọ́ rẹ̀ là. Púlọ́ńbà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ìwọ náà bá mi ṣírò rẹ̀. Ó gé 12,000 kúrò nínú owó ẹni tó ṣiṣẹ́, ó wá fi 1,000 ra ìyìn fún ara rẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, páìpù bẹ́ nílé ìdáná. Omi gba gbogbo ilẹ̀. Ó pe púlọ́ńbà. Ìyẹn ní, "Mò ń bọ̀, Daddy." Ilẹ̀ ṣú, kò dé. Kò bá a jà o, kò sì bú u. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san owó rẹ̀ pé ló wà, iṣẹ́ ẹni yẹn ló ń ṣe. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

N kò ní kí o má nájà. Yorùbá ni wá, ọjà níná wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n mọ iye tí iṣẹ́ ń lọ kí o tó la ẹnu. Bi ẹni méjì mìíràn. Jẹ́ kí wọ́n ka iye ohun èlò lọ́tọ̀, kí wọ́n ka iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ nìkan ti tó gbọ́ bùkátà ẹlòmíràn. Nítorí náà, bi oníṣẹ́ pé, "Ọ̀gá, níbo lẹ ti ń bọ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa wọkọ̀?" Ìgbà tí o bá mọ èyí, wàá mọ ibi tó yẹ kí ọjà níná dúró. Ẹni tí o já owó rẹ̀ dé eegun, má fún un ní owó omi rárá. Dá owó rẹ̀ padà fún un ná.

Báwo ni wàá ṣe mọ ẹni tó yẹ kí o fún ní nǹkan? Jókòó tì í, kí o wo ọwọ́ rẹ̀. Gbé fóònù sílẹ̀. Mo wo púlọ́ńbà kan báyìí rí, àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ìsàlẹ̀ bésìnnì ló ń jò. Ó tú ibẹ̀, ó fi èékánná ha gbogbo tẹ́ẹ̀pù àtijọ́ kúrò lára irin. Ó mú tẹ́ẹ̀pù funfun tuntun, ó wé e, ó tún wé e. Apá ibi tí irin yóò yí sí nígbà tí ó bá ń dè é ló wé e sí, kí ó má baà tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dè é, ó ṣí omi. Mo rò pé ó parí. Kò dìde. Ó já tíṣù, ó fi nu abẹ́ ibẹ̀, ó gbé tíṣù náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó ní kí n jẹ́ kí omi máa lọ díẹ̀ sí i. Ó já òmíràn, ó tún nu ún. Ìgbà tí tíṣù gbẹ pátápátá ló tó ní, "Ó ti parí, sà."

Ti tíṣù yẹn kò sí nínú owó tí a jọ sọ. Ohun tí owó omi wà fún gan-an nìyẹn. Ó wà fún ẹni tó ṣe kọjá àdéhùn. Ẹni tó gbá ilẹ̀ ibi tó dọ̀tí. Ẹni tó sọ fún ọ pé, "Ẹ má ra tuntun, ti tẹ́lẹ̀ ṣì dáa." Ẹni tí o rán lọ́jà tó dá ṣéńjì padà kí o tó béèrè. Iye rẹ̀ ńkọ́? Kò sí òfin kan nílẹ̀ wa tó dá iye lé e. Òṣùwọ̀n tèmi ni owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé àti owó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Bí iṣẹ́ bá gba ọjọ́ púpọ̀, dúró di ọjọ́ tó parí, kí o fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ó lè rí i lò. Bí ọwọ́ rẹ kò bá tó o, omi tútù àti oúnjẹ kò ṣeé kọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ààwẹ̀ Ramadan, má máa fi oúnjẹ lọ ẹni tó ń gbààwẹ̀ lójú ọ̀sán gangan. Dì í fún un kí ó gbé e lọ sílé. Bí ó bá jẹ́ Jímọ̀, jẹ́ kí ó lọ kírun, kí o má ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lọ́rùn.

Ọmọ mi, ìkánjú ni mo tún fẹ́ bá ọ wí lé lórí. Owó omi dára, ṣùgbọ́n má fi ra ìkánjú láé. Ọkùnrin kan kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n da dẹ́kíìn rẹ̀ nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀. Bíríkìlà ní kí wọ́n máa bu omi sí kọ́ńkéré náà, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan àwọn igi tó gbé e dúró. Kọ́ńkéré kì í gbó lọ́jọ́ méjì. Àwọn onímọ̀ ìkọ́lé gan-an, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò lè dúró. Ó ti pe ènìyàn, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun yọ̀ nínú ilé tuntun. Bíríkìlà rìnrìn àjò lọ sílé rẹ̀ fún ọdún. Onílé pe àwọn lébìrà, ó fún wọn lówó gidi, owó tí wọn kò rí rí lójúmọ́ kan. Ó ní kí wọ́n yọ àwọn igi náà. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n yọ ọ́.

Kò wó. A dúpẹ́ pé kò wó, nítorí ènìyàn ì bá kú. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ó sán láti ògiri dé ògiri. Àpèjẹ kò ṣeé ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní láti fọ́ apá kan, kí wọ́n tún un dà. Nígbà tí bíríkìlà dé, onílé ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ó ní iṣẹ́ burúkú ló ṣe fún òun. Àwọn lébìrà ló jẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, wọ́n fún wa lówó ni." Ojú ti àgbàlagbà láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí oníṣẹ́ bá ní kí o dúró, dúró. Bí ó bá ní kí pẹ́ńtì gbẹ kí wọ́n tó kun ẹ̀ẹ̀kejì, jẹ́ kí ó gbẹ. Owó tí o fi ń lé e kí ó yára, ìwọ náà ni wàá tún un san.

Ìkánjú kan tún wà. Kí a máa fún ènìyàn ní owó omi kí a tó yẹ iṣẹ́ wò. Ṣí omi. Tan iná gbogbo yàrá. Ti ilẹ̀kùn, kí o ṣí i. Ṣe é lójú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín. Oníṣẹ́ gidi kì í bínú sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò, inú rẹ̀ máa ń dùn pé o mọ rírì ohun tí òun ṣe.

Ibi tó ń ká mi lára jù lọ nìyí: ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tó ń ru àpò irinṣẹ́ tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Òun ni wọ́n ń gbé gun àjà tí ooru ń mú bí iná. Òun ló ń bọ́ sínú ihò sókàwéè. Òun ni yóò gbá ilẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí. Kò sí owó oṣù fún un. Òbí rẹ̀ ló sanwó kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé pé ọdún báyìí ni yóò lò. Bí ó bá lò ó tán, yóò tún wá owó fìrídọ́ọ̀mù: owó sàtífíkéètì, owó oúnjẹ, owó ohun mímu fún àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Ohun tí onílé bá fún un lọ́nà ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ de ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó jẹ́ pé owó bébà la ń ná, ó ń rí nǹkan. O ka owó fún ọ̀gá, ojú rẹ bọ́ sára ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, o fún un ní ìyókù ọwọ́ rẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó bébà di ọ̀wọ́n gógó, gbogbo ènìyàn bá bọ́ sórí tiránsífà. Kò sì kúrò lára wa mọ́. Owó iṣẹ́ àti owó omi jọ ń wọ àpò ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù ọ̀gá ló ń dún, ọmọ iṣẹ́ gbé àpò irinṣẹ́ kọ́rùn, ó ń bá a lọ. Ìwọ rò pé o ti ṣoore. Lọ́dọ̀ ọmọ yẹn, o kò tíì ṣe é.

Nítorí náà, máa tọ́jú owó bébà díẹ̀ sílé nítorí ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa o: má fún un níkọ̀kọ̀. Ìyá kan tí mo mọ̀ ṣe é rí. Àánú ọmọ náà ló ṣe é. Ó pè é sẹ́yìn ilé, ó ki 2,000 náírà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ́ kí ọ̀gá ẹ mọ̀." Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá bá owó lápò ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó béèrè ibi tó ti rí i. Ọmọ ń kálòlò, nítorí wọ́n ti ní kí ó má sọ. Ọ̀gá gbà pé ó jí i ni, tàbí pé ó ti ń gba iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn òun. Ó lé e. Ọmọ tó ti lo ọdún méjì! Ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀ títí. Ìgbà tí ìyá tó fún un lówó gbọ́, tó sáré lọ ṣàlàyé, ni wọ́n tó gbà á padà. Oore di ẹjọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. San owó ọ̀gá pé, fún un ní tirẹ̀, kí o wá sọ lójú gbogbo wọn pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fún ọmọ yín ní owó àkàrà." Yóò ní, "Kò burú, ẹ ṣeun." Ọmọ á gbà á lójú ọ̀gá rẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa wádìí rẹ̀. Má sì gba nọ́ńbà ọmọ náà kí o lè máa pè é lẹ́yìn ọ̀gá fún iṣẹ́ ẹ̀dínwó. Àwọn kan ń fi owó omi dẹ ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tíì mọ̀ tán ni yóò ṣe fún ọ. O ba ọmọ jẹ́, o sì fi ilé rẹ wewu.

Nípa ìgbéraga, n kò ní sọ púpọ̀, o ti mọ ilé tí mo ti tọ́ ọ. Bí a bá ṣoore, ká má lóṣòó tì í. Bí oníṣẹ́ bá jù ọ́ lọ, "Bàbá" ni kí o pè é, ẹ̀yin ni kí o bá a sọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi fún un, kí o tẹríba, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ra omi mu." Má ju owó sílẹ̀ lórí tábìlì kí ó máa ṣà á. Má pè é ní "ìwọ púlọ́ńbà yìí" lójú àwọn ọmọ rẹ. Wọ́n ń wò ọ́. Bí ó bá sì kọ owó náà, tó ní èyí tí a sọ ti tó òun, má fipá mú un, má sì kà á sí àrífín. Àwọn kan wà tí iyì wọn kò gba àlékún.

Ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń pè ní owó omi tí kì í ṣe owó omi. Òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti iléeṣẹ́ ńlá tó wá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù rẹ̀ fún, tó wá dúró lẹ́nu géètì, tó ní òun kò ní gun òpó àfi tí ẹ bá ṣe nǹkan. Rìbá ni ìyẹn. Òfin ọdún 2000 tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ ń mú ẹni tó gbà á, ó ń mú ẹni tó fún un. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní omi tútù bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kí o béèrè rìsíìtì fún owó yòówù tó bá dárúkọ. Ohun tí a ń fún ènìyàn lẹ́yìn iṣẹ́ tó dára ni ẹ̀bùn. Èyí tí wọ́n fi ń di iṣẹ́ mú, ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston bi mí bóyá báyìí náà ni lọ́dọ̀ wọn. Mo ní kí ó ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn gbà kí wọ́n san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún àwọn bí agbóúnjẹ ilé oúnjẹ, kí owó ọwọ́ oníbàárà wá dí ìyókù. Láti 1991 ni kò ti yí padà. Ẹni tó jẹun níbẹ̀ tí kò fi nǹkan sílẹ̀ jẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Púlọ́ńbà wọn kò rí bẹ́ẹ̀, iye tó dá lé iṣẹ́ rẹ̀ ti tó o, kò retí àlékún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń kó ẹrù ilé máa ń rí nǹkan gbà. Ẹni tó ń mú lẹ́tà wá, òfin iléeṣẹ́ rẹ̀ kò gbà kí ó gba owó lọ́wọ́ ẹ rárá, ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 20 lọ ló lè gbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ife tíì gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣe oníṣẹ́ lálejò. Ìlú kan, ìṣe kan.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà níbikíbi. San owó lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí. Ìwé Deutarónómì, orí 24, ní kí owó alágbàṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ará wa Mùsùlùmí mọ hàdíísì tó ní kí ó gbà á kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. "Ẹ padà wá lọ́la" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo bí. Bí owó kò bá pé lọ́wọ́ rẹ, má tíì pe oníṣẹ́. Fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbe omi tó ń jò, kí o dúró di ìparí oṣù.

O sọ fún mi pé púlọ́ńbà rẹ ń bọ̀ ní Sátidé. Lọ sọ́dọ̀ oní-POS ní ọ̀la, gba owó bébà sílẹ̀. Fi omi sínú fíríìjì bí iná bá wà. Bí ó bá dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́, béèrè orúkọ ọmọ náà, kí o sì máa fi orúkọ yẹn pè é títí wọn yóò fi ṣe é tán.